Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: ẹ̀rọ awárin Pirat fún owó irin àtijọ́ lórí ilẹ̀ yangí

Iṣẹ́ kan ṣoṣo la gbé fún ẹ̀rọ yìí: kó gbọ́ ọ̀nínì oníhò lábẹ́ ilẹ̀ pupa, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ má sì pariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀nínì ló kéré jù nínú owó irin ayé òyìnbó amúnisìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀rọ tó bá gbọ́ ọ̀nínì, ṣílè kò lè ṣòro fún un.

Circuit tí a lò ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pirat. Láti Rọ́ṣíà ló ti wá. NE555 kan tó ń dá àkókò, op-amp oníbejì kan tó ń mú ìró kékeré di ńlá, MOSFET kan tó ń tan iná kọ́ìlì tó sì ń pa á, tiransítọ̀ kéékèèké méjì, kọ́ìlì, ó tán. Kò sí chip tí ẹnikẹ́ni máa kọ program sí, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ni atúnrédíò-ṣe lè rí rà tàbí kó yọ lára òkú ẹ̀rọ.

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ awárin tí wọ́n ń tà jẹ́ irú VLF (very low frequency). VLF máa ń rán agbára òòfà sínú ilẹ̀ láìdánudúró, á sì máa fetí sílẹ̀ lákòókò kan náà. Lórí ilẹ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ bíi yangí, ìdáhùn ilẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti owó lọ fíìfíì, owó á sì sọnù sínú ariwo. Pirat jẹ́ PI (pulse induction): á ta iná sínú kọ́ìlì fún ìgbà díẹ̀, á gé e lójijì, lẹ́yìn náà ló tó ń fetí sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ìdáhùn ilẹ̀ máa ń bá iná náà lọ, àmọ́ iná tó ń yípo nínú owó kì í kú lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Omi iyọ̀ etíkun náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Ibi tí PI ti ń jẹ gbèsè ni pé kò mọ ìṣó yàtọ̀ sí fàdákà. Ahoro ilé tí páànù àti ìṣó ti jẹrà sínú ilẹ̀ rẹ̀ á máa dún láti igun dé igun. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa ṣa ìṣó sọ́tọ̀ fún un, kó má wulẹ̀ jó lẹ́ẹ̀dì ìsowáyà kankan sórí bọ́ọ̀dù yìí, kó lọ ra VLF, kó sì fara mọ́ wàhálà ilẹ̀.

Kọ́ìlì

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bọ́ọ̀dù tó dára kò lè gba kọ́ìlì burúkú là.

Wáyà bàbà onífáníìṣì tó nípọn 0.5 mm la lò, irú èyí tí àwọn tó ń wé mọ́tò ẹ̀rọ àti fáànù ń tà. Ìwérí 25, lórí garawa ọ̀dà tí fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì jẹ́ 20 cm. Ìwérí nìkan máa gba wáyà bíi mítà 16, ẹ ra 18 kí ìdí rẹ̀ lè ṣẹ́kù. Tí ẹ bá wé e tán, mítà gbọ́dọ̀ ka nǹkan bíi 1.4 Ω. Inductance rẹ̀, ìyẹn agbára tí kọ́ìlì fi ń di òòfà mú, á wà ní àyíká 320 µH.

Tí mítà bá ka 2 Ω sókè, ẹ yẹ wáyà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwérí. Wáyà àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ lọ́jà, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Ẹ gé e, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: tí àárín rẹ̀ bá funfun, àlùmíníọ̀mù ni. Lẹ́ẹ̀dì náà kì í dì mọ́ ọn dáadáa. Ó lè ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n iná tó ń wọ kọ́ìlì á dín kù, ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ tó nínú ilẹ̀ á sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ẹ tó yọ kọ́ìlì kúrò lára garawa, ẹ fi òwú dì í ní gbogbo 3 cm. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá fi téèpù wé e pinpin yípo. Ìwérí tó bá ń mì á máa dún bí ẹni pé owó wà nílẹ̀ nígbàkigbà tí kọ́ìlì bá fara kan koríko. Ẹ ṣọ́ fáníìṣì rẹ̀ bí ojú. Tí ó bá ha níbi méjì tó fara kanra, ìwérí kan ti di òrùka tó pa ẹnu dé nìyẹn, ẹ̀rọ á sì máa rí i bí irin ńlá tó wà níbẹ̀ títí láé, á wá di adití. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé mítà ohm kò lè fi hàn yín, nítorí ìwérí kan kò ju 0.06 Ω lọ. Mítà inductance nìkan ló lè tú u fó: 320 µH á já wálẹ̀ gan-an.

A tẹ́ kọ́ìlì sáàárín àwo ike méjì, a sì da gọ́ọ̀mù Araldite yí i ká. Kò sí fóìlì, kò sí bóòtù irin, kò sí ìṣó. Bóòtù ike ló so ó mọ́ ọ̀pá PVC, nítorí bóòtù irin kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì tó láti jẹ nínú agbára ẹ̀rọ. Wáyà tó gòkè lọ bá bọ́ọ̀dù jẹ́ olójú méjì, 0.75 mm², gígùn rẹ̀ 1.2 m. Ẹ má lo wáyà máíkì, ó tín-ín-rín jù fún iná tó ń kọjá.

Bọ́ọ̀dù

NE555 ló ń dá àkókò. 100 kΩ láti 12 V sí ẹsẹ̀ 7, 1.6 kΩ láti ẹsẹ̀ 7 sí 2 àti 6 tí a so pọ̀, 100 nF láti ibẹ̀ lọ sílẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí 1.6 kΩ, 1.5 kΩ pẹ̀lú 100 Ω á ṣe é. Kàpásítọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ polyester. Ceramic olówó pọ́ọ́kú máa ń yí padà bí oòrùn bá pa á, àyípadà yẹn á sì gbé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀rọ kúrò níbi tí ẹ gbé e sí. Èyí á fún yín ní nǹkan bíi 140 ìtanná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó 110 µs.

Ẹsẹ̀ 3 gba 1 kΩ kọjá lọ sí base BC557, tiransítọ̀ kan (base, emitter àti collector ni ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀). Emitter rẹ̀ wà lórí 12 V, collector rẹ̀ ń ti gate IRF740, ìyẹn ẹsẹ̀ tó ń ṣí MOSFET wa tó sì ń pa á. 470 Ω láti gate sílẹ̀ ló ń pa MOSFET kíákíá. Àmọ́ ẹsẹ̀ 3 NE555 kì í gòkè dé 12 V gan-an, á ku nǹkan bí 1.2 sí 1.5 V. Àfo yẹn tó láti jẹ́ kí BC557 máa ṣí díẹ̀díẹ̀ nígbà tó yẹ kó ti pa, MOSFET á wá máa gbóná láìnídìí. 470 Ω kan láti base sí emitter BC557 ló yanjú rẹ̀. TLC555, ìbátan NE555, kò ní àrùn yìí, òun náà dára.

Ẹ kíyè sí ẹsẹ̀ tiransítọ̀. BC557 jẹ́ collector, base, emitter láti òsì nígbà tí ojú pẹlẹbẹ bá kọjú sí yín. A1015 tí ọ̀pọ̀ ń fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ emitter, collector, base. Ẹni tó kàn gbé e sójú ihò kan náà á ṣiṣẹ́ dòru.

Láàárín ìtanná kan, iná inú kọ́ìlì á gòkè tó bíi 2.5 sí 3 A. Nígbà tí MOSFET bá gé e, fóltéèjì orí drain, ẹsẹ̀ MOSFET tí kọ́ìlì so mọ́, á fò dé 400 V, ibi tí IRF740 fúnra rẹ̀ ti ń dá a dúró. Ìdí nìyí tí a kò fi gba IRFZ44N wọlé bí ó tilẹ̀ pọ̀ nínú òkú inverter. 55 V ni tirẹ̀. Yóò ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ á dún, ẹ ó rò pé ẹ ti jèrè; ṣùgbọ́n iná tó yẹ kó kú láàárín 2 sí 3 µs á máa fà títí di bíi 17 µs, èyí tó wà nínú ọ̀nínì á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí ẹ̀rọ tó lajú. IRF840 lè rọ́pò IRF740 láìsí ìyọnu. Ẹ má fọwọ́ kan drain nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Rẹsítọ̀ tó dábùú kọ́ìlì ló ń jẹ́ kí iná yẹn kú láì máa gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀. Bí a bá ka kọ́ìlì, wáyà àti MOSFET pọ̀ sí nǹkan bíi 450 pF, ìṣirò fi í sí àyíká 420 Ω, 390 Ω tí Pirat máa ń ní sì bá a mu. A fi 180 Ω àti 220 Ω so tẹ̀lé ara wọn, oní-carbon, 1 W ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ooru ibẹ̀ kò ju 0.2 W lọ, nítorí náà kì í ṣe ooru la ń sá fún bí kò ṣe 400 V, èyí tí rẹsítọ̀ kékeré kan ṣoṣo kò lè fara dà pẹ́. Ẹ má lo rẹsítọ̀ tí wọ́n fi wáyà wé: kọ́ìlì lòun náà.

Láti drain, 1 kΩ gbé ìró lọ sí ibi tí dáyóòdù 1N4148 méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan kọjú síbí tí èkejì kọjú sọ́hùn-ún, kí op-amp má bàa rí ju nǹkan bí 0.7 V lọ. Op-amp náà gbọ́dọ̀ jẹ́ TL072. Orí iná pósítíìfù, ìyẹn 12 V, ni apá kejì kọ́ìlì so mọ́, nítorí náà ní etí 12 V yẹn gan-an ni op-amp ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. TL072 ń gbọ́ràn dé ibẹ̀. LM358 kò lè gbọ́ ohunkóhun tó bá súnmọ́ 12 V ju 1.5 V lọ, ẹni tó bá fi í síbẹ̀ á wá àṣìṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Fọ́líùmù méjì, 100 kΩ fún yíyí ńlá àti 10 kΩ fún yíyí kékeré, ló ń gbé ẹ̀rọ sí ẹnu ìdákẹ́jẹ́ẹ́. BC547, tiransítọ̀ kejì, ń wa etígbọ̀ọ́ (earphone) gba 150 Ω kọjá. Kàpásítọ̀ 2200 µF, 25 V, jókòó ti MOSFET pẹ́kípẹ́kí. Wáyà kọ́ìlì àti wáyà op-amp wá láti ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ yìí ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá jọ gba ojú ọ̀nà kan, ìtanná kọ́ìlì á máa wọ etí op-amp.

Bátìrì jẹ́ lithium 18650 mẹ́ta tí a so tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù ààbò wọn. Ẹ̀rọ ń jẹ nǹkan bíi 40 sí 50 mA, nítorí náà 2000 mAh á gbé e fún bíi ogójì wákàtí. Fíùsì 1 A wà láàárín bátìrì àti 2200 µF. Ẹ má fi í sáàárín kàpásítọ̀ àti kọ́ìlì, torí ìtanná 3 A náà á máa gbá a.

Iná àkọ́kọ́

Ẹ má tíì so kọ́ìlì mọ́ ọn. Ẹ gbé mítà sí DC, kí ẹ wọn gate MOSFET. Ó yẹ kó ka nǹkan bíi 0.1 sí 0.3 V, torí pé gate kì í pẹ́ lókè. Tí ó bá ka 10 V sókè, ìṣísílẹ̀ ti dòdì kejì, BC557 ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ka òfo pátápátá, 555 kò ta iná.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi gílóòbù mọ́tò 12 V, 5 W, sí ipò kọ́ìlì. Kò gbọdọ̀ tàn. Tó bá tàn yanran, MOSFET ṣí sílẹ̀ tàbí ó ti jóná, gílóòbù sì ti gba kọ́ìlì yín là. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí ẹ tó so kọ́ìlì.

Ẹ gbé e jáde síta. Nínú ilé, irin inú ògiri, charger fóònù àti inverter á jẹ́ kó máa hó bí ìkòkò. Ẹ yí fọ́líùmù ńlá títí ẹ ó fi gbọ́ tík-tík-tík tó jìnnà síra, kí ẹ fi kékeré mú un dé ibi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Etí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń gbọ́ dáadáa jù. Tó bá ń lọ sókè-sódò bí ẹni ń mí lábẹ́ òpó iná NEPA, ìtanná 140 ló ń bá 150 fínra, èyí tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 50 Hz. 20 kΩ oníyíyí tí a so tẹ̀lé 100 kΩ ẹsẹ̀ 7 jẹ́ kí a lè gbé e kúrò níbẹ̀. Bí fóònù bá wà lápò, ẹ pa á tàbí kí ẹ gbé e sí ẹ̀yìn.

Ìdánwò lórí owó

Ohun tí wọ́n fi ṣe owó ló ń sọ bí ẹ̀rọ á ṣe gbọ́ ọ, iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò kan ẹ̀rọ. Láti 1913 ni wọ́n ti ń rọ tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ti British West Africa, fàdákà gidi ni wọ́n, 925 nínú 1000. Láti 1920 ni idẹ ti rọ́pò fàdákà. Ṣílè fàdákà fẹ̀ ní nǹkan bíi 23.6 mm, igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, iná sì ń pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó kú. Pirat tí a tò dáadáa gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní 15 sí 20 cm nínú afẹ́fẹ́. Bí tiyín kò bá kọjá 10 cm, ẹ padà sídìí kọ́ìlì àti MOSFET.

Ọ̀nínì yàtọ̀. Ti 1907 àti àwọn kan nínú ti 1908 jẹ́ àlùmíníọ̀mù, wọn kò sì fara da ojú ọjọ́ wa, kíá ni wọ́n fi bàbà àti nickel rọ́pò rẹ̀. Àdàlù bàbà àti nickel kì í gbé iná dáadáa, kò ju bí ìdá kan nínú ogún ti bàbà lọ, nítorí náà iná inú rẹ̀ á kú wàrà. Ihò àárín kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, torí etí owó ni iná náà ń tọ̀ yípo. Òun la fi ń dán gbogbo àtúnṣe wò: a so ó mọ́ ẹnu igi gbígbẹ, a mú un kọjá níwájú kọ́ìlì, a wọn ibi tí tík-tík ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ẹni tó bá fi ṣílè nìkan dán ẹ̀rọ wò, àtúnṣe tó burú á fi ara pamọ́ fún un. IRFZ44N tí a sọ lókè yìí, ṣílè kò lè tú u fó. Ọ̀nínì ló tú u fó.

Ẹ má fi ọwọ́ tó wọ òrùka tàbí aago mú owó náà o.

Lórí ilẹ̀

Àṣẹ ló ṣáájú. Ní Nàìjíríà, òfin National Commission for Museums and Monuments ti 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wa ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ àjọ náà. Àṣẹ baálé tàbí onílẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àjọ náà kò sọ pé kí ẹ má tọrọ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ahoro ìlú, odi àtijọ́, ojú òrìṣà àti ibojì, ẹ̀rọ yìí kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àwọn tó wà ní England náà ní tiwọn: ibi tí ìjọba kọ sílẹ̀ bí ibi ìtàn, òfin 1979 tiwọn kò gba ẹ̀rọ awárin níbẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda, lábẹ́ Treasure Act ti 1996, owó wúrà tàbí fàdákà méjì sókè tí ẹ rí pọ̀, tó ti pé ọdún 300, gbọ́dọ̀ dé etí coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ 14. Ẹyọ kan péré kì í sábà ká mọ́ òfin yẹn, ṣùgbọ́n Portable Antiquities Scheme, ètò tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ tí aráàlú bá rí, á bá yín kọ ọ́ sílẹ̀.

Etíkun àti oko tí wọ́n ti ro láìmọye ìgbà ni ilẹ̀ tó bá Pirat lára mu. Ẹ gbé kọ́ìlì ga kúrò nílẹ̀ ní 3 sí 5 cm, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí yangí, díẹ̀ nínú irin ilẹ̀ kì í tètè gbàgbé òòfà, nítorí náà bí kọ́ìlì bá rọ̀ sílẹ̀ lápá kan, ẹ̀rọ á dún. Èyí kì í ṣe owó: ẹ gbé kọ́ìlì sókè díẹ̀, kí ẹ tún fọ́líùmù kékeré ṣe lórí ilẹ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe nínú afẹ́fẹ́. Èkúta yangí kan lè dún bí owó. Tí ó bá wà lókè ilẹ̀, ẹ kàn gbá a kúrò, kí ẹ tún ibẹ̀ gbọ́.

Ibi tí ìró bá ti le jù, ẹ gba ibẹ̀ kọjá lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé lábẹ́ àárín kọ́ìlì ni nǹkan wà. Tí ìró bá gùn ní ọ̀nà kan tó sì kúrú ní èkejì, ìṣó tàbí wáyà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdérí ọtí máa ń dún róbótó bí owó, kò sì sí ọgbọ́n tó bo ìyẹn. Ẹ fi ọ̀bẹ gé koríko lápá mẹ́ta kí ẹ ṣí i bí ìdérí, kí ẹ walẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá, kì í ṣe láti òkè. Ṣọ́bìrì tó bá sọ̀ lé owó lórí ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Bí ohun tí ẹ ń gbọ́ bá jìn ju ibi tí ọkọ́ tàbí katakata ń dé lọ, tàbí tí ẹ bá rí àpáàdì, eérú tàbí egungun tó tò létòlétò, ẹ dá ọwọ́ dúró, kí ẹ dí ihò náà, kí ẹ pe àjọ.

Owó tó jáde, ẹ má fi kánrinkán, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ̀ ọ́. Fàdákà etíkun á jáde dúdú, idẹ á jáde pẹ̀lú ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Omi mímọ́ àti afẹ́fẹ́ ti tó. Ẹ fi bébà gbígbẹ dì í, ẹ má fi í sínú ọ̀rá PVC tó ń rọ̀, torí ohun tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń jẹ owó. Lára bébà yẹn ni kí ẹ kọ ibi tí fóònù fi hàn, bó ṣe jìn tó, irú ilẹ̀ náà, àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ dí ihò, kí ẹ kó ìṣó àti ìdérí ọtí tí ẹ wú jáde lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó tún wú wọn bí ẹ bá padà wá.

Ohun tó kù

Pirat kò ní ẹnu ọ̀nà àkókò: kò sí ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ní 10 µs tàbí 15 µs. Ìgbà tí dáyóòdù bá tú u sílẹ̀ tí op-amp sì sọjí ló ń gbọ́. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni àtúnṣe tó kàn, pẹ̀lú 555 kejì tí yóò ka ìdúró àti switch CD4066 tí yóò ṣí fún op-amp. Kọ́ìlì kò ní yí padà. Rẹsítọ̀ tó dábùú kọ́ìlì nìkan la ó tún wọ̀n, nítorí bí ẹ̀rọ bá ti ń tètè gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìgbọ̀nrìrì kọ́ìlì tí a ò kà sí tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.